Ìbọn Àwọn Bàbá Wa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ̀, láti Ẹmùrẹ-Ilé àti Ùsò títí dé Ìpele, kí a sì kọjá odò Ọ̀sẹ̀ lọ sí Ìfọ́n àti Ìdóàní, ohun kan wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé àtijọ́ tí onílé kì í sábà dárúkọ bí a bá ní kí ó ka àwọn ohun ìní ilé rẹ̀ fún wa. Ó lè wà ní òkè àjà láàárín agbọ̀n tí ó ti ya àti àwọ̀n tí a kò fi dẹ ẹran mọ́. Ó lè fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó sì lè wà ní ilé àgbẹ̀dẹ, níbi tí a gbé e lọ láti tún un ṣe, tí ẹni tí ó ni ín sì kú kí iṣẹ́ náà tó parí. Ìbọn ṣakabùlà ni, ìbọn tí a ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta sí. Bí a bá béèrè rẹ̀, èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé, “Irin àtijọ́ lásán ni, ti bàbá wa àgbà ni.” Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nínú èsì yìí, wọn kò sì bá ara wọn mu, nítorí ohun tí í ṣe ti bàbá ẹni àgbà kò lè jẹ́ ohun lásán.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwa ti ń lọ láti ilé dé ilé láti wo àwọn ìbọn wọ̀nyí. A kì í rà, a kì í sì í tà; ìwé àti pẹ́ńsù ni a mú lọ́wọ́. Ohun tí a rí nínú ìrìn náà ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. A rí i pé kì í ṣe olè ni ó ń pa wọ́n run jù lọ, kì í sì í ṣe ikán. Àwọn ọmọ rere ni, tí wọ́n fẹ́ kí ohun bàbá wọn dán, tí wọ́n mú sáńpépà, tí wọ́n sì fi ha irin náà títí ó fi ń kọ mànà. Nígbà tí irin náà bá ti dán tán, ohun gbogbo tí ó ní láti sọ fún wa ti bá eruku lọ. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí wà nínú gbólóhùn kan: kí a mọ ìbọn kí a tó fọ ìbọn.

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé tí àwọn ìbọn wọ̀nyí ti wá. Àwọn ará Pọtogí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ìbọn wá sí ìhà Bìní, àwọn ọlọ́nà idẹ Bìní sì rọ ère ọmọ ogun Pọtogí tí ó gbé ìbọn lọ́wọ́. Irú ère bẹ́ẹ̀ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ọ̀wọ̀ sì ni aládùúgbò Bìní, tí òwò àti àṣà ti so pọ̀ mọ́ ọn láti ìgbà pípẹ́. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé nínú ogun Òwu, èyí tí a jà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn Ìjẹ̀bú ni ó ní ìbọn, nígbà tí àwọn Òwu gbẹ́kẹ̀ lé àgẹ̀dẹ̀ǹgbẹ́.

Iye ìbọn tí ó wọ ilẹ̀ wa pọ̀ ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ọ̀mọ̀wé Joseph Inikori, ọmọ Nàìjíríà tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, ṣírò rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1977 pé láàárín 1750 àti 1807, ìbọn tí ó ń wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún jẹ́ láti 283,000 dé 394,000. Kí a má ṣe gbàgbé pé àwọn ọdún òwò ẹrú ni ọdún wọ̀nyí, àti pé ènìyàn ni a fi san owó púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó bá gbé ìbọn àtijọ́ lọ́wọ́, ìtàn akọni nìkan kọ́ ni ó gbé. Ó yẹ kí ó mọ èyí pẹ̀lú.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìbọn yìí ní Dane gun, nítorí àwọn ará Denmark, tí wọ́n ní odi Christiansborg ní Àkàrà títí wọ́n fi tà á fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1850, wà lára àwọn tí ó ń tà á ní etíkun. Ṣùgbọ́n kí orúkọ náà má tàn wá jẹ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni a ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa bi wá léèrè pé, nígbà tí ayé ti ní ìbọn tí a ń ti ìdí kì, kí ni ó dé tí àwọn bàbá wa ṣì ń ti ẹnu kì? Kì í ṣe àìlajú ni. Ní ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí a sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, àwọn Èkìtì Parapọ̀ ti ní ìbọn tuntun tí a ń ti ìdí kì, èyí tí àwọn ọmọ wọn ní Èkó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rà. Ìró ohun ìjà ogun náà ni ó sì fún un lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní 1890 àwọn ìjọba Yúróòpù pé jọ ní Brussels, wọ́n sì fi òfin de kíkó ìbọn wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú Áfíríkà, àyàfi ìbọn olókùúta tí inú irin rẹ̀ jọ̀lọ̀, àti ẹ̀tù òwò. Wọ́n ní nítorí kí òwò ẹrú lè dópin ni. Òtítọ́ sì ni pé ohun ìjà tí ó dára jù kù sí ọwọ́ àwọn fúnra wọn. Báyìí ni ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Yúróòpù ti sọ nù ṣe di ìbọn tí a gbà fún wa. Títí di àárín ọ̀rúndún ogún, àwọn agbẹ́kùúta ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Brandon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gbẹ́ òkúta ìbọn tí a ń kó wá sí Áfíríkà.

Èyí tó fún ìtàn ìbọn. Kí ni ó dé tí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ fi jẹ́ kánjúkánjú? Ẹ wo ohun tí ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ ti kọ́ wa. Láàárín 1969 àti 1971, Ọ̀mọ̀wé Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí wọ́n ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ojú wọn àti ọ̀nà ara wọn ṣì hàn kedere. Ilẹ̀ ni ó pa wọ́n mọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n irin kò rí bí amọ̀ tí iná ti jó. Ilẹ̀ wa tutù, òjò wa pọ̀, irin tí a bá sì fi sílẹ̀ fún ilẹ̀ yìí, ìpẹtà ni yóò fi san án. Kò sí ẹni tí yóò wá wa ìbọn ṣakabùlà jáde lẹ́yìn 500 ọdún kí ó sì bá a bí a ti fi í sílẹ̀. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n nígbà tí ó wà lókè àjà, a kò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan ìbọn àtijọ́ láti wò ó, kí ó kà á sí ìbọn tí a ti kì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun? Ọdẹ tí ó bọ̀ láti igbó láìrí ẹran yìn, a máa gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ pẹ̀lú ẹ̀tù nínú. Bí ikú bá sì dé bá a, ẹ̀tù náà kò bá a lọ. Ẹ̀tù dúdú kì í kú nítorí ọjọ́ orí. Bí omi kò bá kàn án, ó lè gbiná lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́ wò kò ṣòro. Kí a tẹ́ ìbọn náà sílẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí kò sí ènìyàn. Kí a dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí a rọra ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan wọ inú rẹ̀ títí yóò fi dúró, kí a sì fi àmì sára igi náà ní ibi tí ó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Lẹ́yìn náà kí a fà á jáde, kí a sì fi wọn ẹ̀gbẹ́ ìbọn lóde. Bí orí igi náà bá dé ihò iná tí ó wà ní ìdí irin, òfo ni inú rẹ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó débẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ní ilé kan ní ìhà Ìfọ́n, igi wa kù ní ìka mẹ́rin. Àwọn ọmọdé ilé náà sì ti ń fi ìbọn yẹn ṣeré ogun láti ọdún tó kọjá. Ìyá wọn jókòó sílẹ̀ lójijì nígbà tí ó gbọ́ ohun tí a rí, kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe yìn ín láti tú u, kí a má gbé e lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ kí a fi irin rẹ̀ sínú iná, kí a má sì fi ohunkóhun lu ú. Kí a mú iná àti sìgá jìnnà sí i, kí a kó àwọn ọmọdé kúrò nítòsí, kí a sì ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́pàá, kí wọ́n lè mú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà wá. Omi ni ó ń pa agbára ẹ̀tù dúdú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó ṣe é.

Nígbà tí a bá ti mọ̀ pé inú rẹ̀ ṣófo, kí a wo ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí irin. Bí irin títẹ̀ kan bá wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ là bí ẹnu ẹyẹ láti di òkúta mú, tí irin pẹlẹbẹ kan dúró níwájú rẹ̀ tí òkúta náà yóò ṣá, tí àwo kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ fún ẹ̀tù, ìbọn olókùúta ni. Bí ó bá jẹ́ òòlù kékeré ni ó ń lu orí ọmú irin kan, ìbọn oníkápù ni; kápù náà jẹ́ bàbà tín-ínrín bí fìlà, tí a fi oògùn tí ń gbiná nígbà tí a bá lù ú sí inú rẹ̀. Alexander Forsyth, àlùfáà kan ní Scotland, ni ó gba ìwé àṣẹ ní 1807 lórí dídáná sí ìbọn nípa lílù báyìí, kápù bàbà sì tẹ̀ lé e ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra, nítorí ìbọn olókùúta púpọ̀ ni a ti sọ di oníkápù. Bí a bá rí ihò tí kò ní ìṣó mọ́ lára ẹ̀rọ náà, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni àwo ẹ̀tù àti irin ìṣáná wà nígbà kan rí.

Ohun kejì ni àmì. Kí a gbé ìbọn náà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti ẹ̀gbẹ́ kàn án, kí a sì wo òkè irin gígùn náà ní ìhà ìdí. Ní Birmingham, láti inú òfin 1813, ilé kan wà tí a ti ń dán ìbọn wò: a ó ki ẹ̀tù tí ó pọ̀ ju ti ìlò lọ sínú irin, a ó yìn ín, bí kò bá sì bẹ́, a ó tẹ àmì sí i lára. Àmì náà ni adé, àti ọ̀pá àṣẹ méjì tí wọ́n dábùú ara wọn lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà B, P àti C. Èkejì rẹ̀ ní lẹ́tà V. A lò wọ́n títí di 1904. Ní Liège, láti ìgbà àṣẹ Napoleon ti 1810, lẹ́tà E, L àti G ni a ń tẹ̀ sínú àmì tí ó rí bí ẹyin. Ní 1893 a fi adé lé e lórí. Nítorí náà, ELG tí kò ní adé ṣáájú 1893, èyí tí ó ní adé sì jẹ́ ti ọdún náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. A tún máa ń rí ọ̀rọ̀ TOWER pẹ̀lú adé lára ẹ̀rọ ìbọn. Orúkọ ilé ìṣúra ohun ìjà ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó ẹ̀rí pé ìbọn ọmọ ogun ọba ni, nítorí àwọn oníṣòwò pẹ̀lú a máa tẹ̀ ẹ́ sára ìbọn títà. Àmì wọ̀nyí kò jìn ju èékánná lọ. Sáńpépà ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti pa wọ́n rẹ́.

Bí kò bá sí àmì kankan, kí a má ṣe gbé ìbọn náà jù sílẹ̀ bí ohun tí kò níye lórí. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wa. Àwọn wọ̀nyí mọ bí a ti ń tún ẹ̀rọ tí ó kú ṣe, wọ́n sì mọ bí a ti ń ṣe odindi ìbọn. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dé, irin páìpù omi àti irin ìdarí ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe irin gígùn rẹ̀. Bí inú irin náà bá ní ìlà bí ibi tí a ti so páìpù pọ̀, tí ojú ayùn ìrin sì hàn lára ẹ̀rọ, tí igi rẹ̀ sì jẹ́ igi inú igbó wa, ọmọ ilé ni. Àwọn tí ń ṣa ohun àtijọ́ jọ ní ilẹ̀ òkèèrè lè fojú tẹ́ńbẹ́lú irú rẹ̀. Ní tiwa, ìbọn Birmingham sọ fún wa ohun tí a rà; ìbọn alágbẹ̀dẹ ni ó sọ ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun kẹta ni igi àti ohun tí a fi kún un: awọ ẹran tí a fi di igi tí ó ti là, ìṣó idẹ tí a tò sí ìdí, òjá irin tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tí ó ti wá. Kí a má ṣe yọ ọ̀kankan nínú wọn kúrò kí ìbọn náà lè “rí bí tuntun.” Wọn kì í ṣe ẹ̀gbin, ìwé ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan tí ojú wa rí ṣe àpẹẹrẹ. Ní ilé kan ní ìkọjá odò Ọ̀sẹ̀, baálé ilé gbé ìbọn kan jáde fún wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Ìtàn ilé náà ni pé bàbá wọn àgbà gbé e lọ sí ogun Kírìjì, a sì ń dárúkọ ìbọn náà bí a bá ń ki àwọn ọmọ ilé náà. Nígbà tí a fi bébà tín-ínrín bo irin rẹ̀, tí a sì fi pẹ́ńsù ra á, ELG ni ó jáde, adé sì wà lórí rẹ̀. Ní 1886 ni a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì. Adé náà kò sì wà ṣáájú 1893. Ọ̀ràn náà wúwo lọ́kàn wa. A kò lè kọ irọ́ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè dójú ti àgbà níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. A bẹ bàbá náà pé kí àwa àti àwọn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, a sì sọ ohun tí a rí fún wọn.

Bàbá dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí a bá wọn pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ìyá arúgbó tí ó ń gbé ní ìyẹ̀wù ẹ̀yìn. Nígbà tí ìyá náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé irin nìkan ni ẹ ń pè ní ìbọn? Irin rẹ̀ ti àkọ́kọ́ bẹ́ mọ́ bàbá wa lọ́wọ́ ní oko. Èmi ni mo bu omi tí a fi wẹ ọwọ́ wọn. Alágbẹ̀dẹ kan ní Ọ̀wọ̀ ni ó wá irin mìíràn fi sí i.” A yí ìbọn náà padà. Lóòótọ́, a ti fi ìfágbẹ́ fẹ ojú ihò tí irin dùbúlẹ̀ sí nínú igi, ihò ìṣó mìíràn sì wà tí a ti fi igi dí. Èyí kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé igi náà dé Kírìjì. Ṣùgbọ́n irin kò sọ ìtàn ilé náà di irọ́ mọ́. Bí a bá ti gbọ́ ti irin nìkan, à bá ti pa ìtàn ilé náà rẹ́. Bí a bá sì ti gbọ́ ti ẹnu nìkan, a kì bá tí mọ̀ nípa ọwọ́ tí ó fara pa, tàbí nípa alágbẹ̀dẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ pa ìbọn náà mọ́ títí di òní. Bàbá náà ní kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ìyá ti sọ ọ́, kí a sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti ìtọ́jú, ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe pọ̀ ju ohun tí a ó ṣe lọ. Kí a má lo sáńpépà, eérú, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ọsàn a máa jẹ irin àti idẹ. Kí a má fi epo pupa tàbí àdín pa á. Lóòótọ́ yóò dán lónìí, ṣùgbọ́n epo tí a fún láti ara èso a máa kan, a máa di gọ́ọ̀mù, a sì máa jẹ irin nígbà tí ó bá pẹ́. Kí a má fi ọ̀dà kun igi rẹ̀. Ohun tí a ó ṣe nìyí: kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀, kí a fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí a sì fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ bíńtín pa irin nìkan. Ìpẹtà pupa tí ń ṣubú bí ìyẹ̀fun ni ọ̀tá tí ó ṣì ń jà. Àwọ̀ dúdú tí ó lẹ̀ mọ́ irin pinpin, aṣọ ọjọ́ orí rẹ̀ ni, kí a fi í sílẹ̀. Òógùn ọwọ́ ní iyọ̀, nítorí náà kí a fi aṣọ di irin mú. Kí a má tẹ́ ẹ sí ilẹ̀, kí ó má sì fara kan ògiri amọ̀, nítorí ọ̀rinrin. Bí ìyẹ̀fun igi bá ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò wà nínú igi náà. Kí a yà á sọ́tọ̀ kúrò lára igi mìíràn, kí a sì wá ọ̀rọ̀ gbà lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ní ilé ọnà.

Ju gbogbo èyí lọ, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a wọn gígùn rẹ̀, kí a ya àwòrán rẹ̀ àti ti àmì rẹ̀, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó lò ó, ibi tí ó ti rí i, ẹran tí ó fi pa, alágbẹ̀dẹ tí ó tún un ṣe, àti orúkọ ẹni tí ó sọ ìtàn náà fún wa pẹ̀lú ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Ìbọn tí ó sọ ìtàn rẹ̀ nù kò yàtọ̀ sí irin tí àwọn tí ń ra irin àlòkù fi òṣùwọ̀n wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ òfin ni ó kù, kò sì ṣeé fojú fò. Òfin ohun ìjà Nàìjíríà ti 1959 dárúkọ Dane gun, ìbọn olókùúta àti ìbọn oníkápù ní ìsọ̀rí kan, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti ní wọn láìní ìwé àṣẹ. Kò sí ẹni tí ó lè fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ìbọn ní Ọ̀wọ̀, níbi tí àwọn apànìyàn ti wọ ìjọ Àgùdà ti Francis Mímọ́ ní 5 June 2022, tí wọ́n sì pa bí ogójì ènìyàn. A kò lè bá ọlọ́pàá wí bí ó bá béèrè ohun tí ìbọn ń ṣe nílé wa. Nítorí náà, kí ìdílé tí ó ní i lọ gba ìwé àṣẹ, tàbí kí wọ́n fi í lé ilé ọnà lọ́wọ́. Ní 1968 ni a dá ilé ọnà ìjọba sílẹ̀ ní ààfin Ọlọ́wọ̀, kò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Òfin ohun àtijọ́ ti 1979 ka iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí tí a ṣe ṣáájú 1918 mọ́ ohun tí ìjọba ń dáàbò bò. Kò sì gbà kí ẹni tí kò ní àṣẹ máa rà á, tàbí kí a gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé. Bí àjèjì bá kan ilẹ̀kùn tí ó sì fi owó lọ̀ yín fún ìbọn bàbá yín, ẹ rántí èyí.

Nígbà tí àwọn ọmọ ilé bá tún péjọ fún ìsìnkú tàbí ìrántí òkú, ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pín ohun ìní kí ẹ tó béèrè ìbọn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣófo. Ẹ wo ìdí irin rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wá ẹni tí ó dàgbà jù ní ilé náà, pàápàá àwọn ìyá tí a kì í sábà bi léèrè ọ̀rọ̀ ìbọn, kí ẹ sì fún ọmọ ilé tí ó mọ ìwé kọ jù ní pẹ́ńsù. Kí ó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ.